Ọkọ̀ Rọ́bà Tí Wọ́n Yan Bí Ẹja

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, ọkọ̀ ló bá a wá, àmọ́ kì í ṣe pé ọkọ̀ gbé ènìyàn wá. Ènìyàn ló ru ọkọ̀ lórí. Bí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ pákó ààfin, gbogbo olóyè dìde láti wò ó. Ọkọ̀ rọ́bà tóóró ni, irú èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí tí ó ń fi àjẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pupa fòò, ó ń dán. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣá bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn láti èṣí. Imú rẹ̀ yí sí òsì bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ojú àpá irin ààrò sì hàn gbangba ní ìdí rẹ̀.

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló yan ọkọ̀?"

Ọmọ́yẹlé kúnlẹ̀. Opó ni, ẹja ló ń tà. Òyìnbó kan tó wá ṣiṣẹ́ lórí omi ló fi ọkọ̀ náà ta bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tí iṣẹ́ parí. Bàbá àwọn ọmọ ti kú, ọkọ̀ ló kù, òun ló sì fi ń kó ẹja lọ sọ́jà ní Ode Mahin.

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Ọkọ mi, Adúmáadán, ni wọ́n yan án."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkọ tó ń wí yẹn, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú ni, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, Adúmáadán sì ni orúkọ tí Ọmọ́yẹlé fún un lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé ọkọ, nígbà tí orí ìyàwó tuntun ṣì ń wú. Lánàá, orúkọ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Wọ́n wá yá a lọ́wọ́ mi ni. Mo ní kí wọ́n máa mú un lọ, kí wọ́n ṣáà dá a padà kí ọjọ́ ọjà tó pé. Wọ́n dá a padà lóòótọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dá a padà!"

"Ṣé ó ń jò?"

"Kò jò, Baálẹ̀. Òsì ló ń lọ. Mo kúrò nílé láàárọ̀, mo wà á, mo wà á, títí apá fi ń ro mí. Mo gbójú sókè, ilé mi náà ni mo tún rí. Ẹja mi bà jẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Bí n kò bá dé ọjà, kí ni èmi àti àwọn ọmọ ó jẹ?"

Baálẹ̀ kọjú sí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ débi pé ìlà rẹ̀ lè gé iṣu, ó sì gbé jígí dúdú sójú nínú ààfin. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí ṣòkòtò.

"Kábíyèsí, aláṣẹ, èkejì òrìṣà!"

"Baálẹ̀ ni mí. Má fi oyè tí n kò jẹ kùn mí lára. Ìwọ lo yan ọkọ̀ yìí?"

"N kò yan án, bàbá. Mo tọ́jú rẹ̀ ni. Oòrùn ti jí gbogbo àwọ̀ rẹ̀ gbé, èmi ni mo lọ gbà á padà lọ́wọ́ oòrùn."

"Ta ló rán ọ?"

"Ojú ló ń tì mí, bàbá. Ọkọ̀ náà ti dà bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe."

"Ọkọ mi," ni Ọmọ́yẹlé wí, "èmi tí mo ni ín, ojú ò tì mí. Ṣíṣá tó ṣá, ta ni omi sọ fún pé òun ò gbé e mọ́?"

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Àdín ni mo kọ́kọ́ fi pa á, bàbá. Ó dán! Mo fi í wo irùngbọ̀n mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe kan omi báyìí, àdín lọ, àwọ̀ lọ, ẹja wẹ́wẹ́ wá ń tẹ̀lé mi káàkiri."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo rí i lórí fóònù pé ooru ní í mú àwọ̀ rọ́bà padà. Wọ́n ní irin iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i. A ò ní irú rẹ̀ níbí. Mo wá rò ó pé, àwa tí a ń yan ẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ni a ò lè yan?"

Olóyè Ábúráhámù pòṣé. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Wọ́n pe Happiness, obìnrin tó ni ààrò tí wọ́n gbé ọkọ̀ lé. Ẹ̀rín ló bá dé, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Iná kò pọ̀ rárá, Baálẹ̀. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn gbàdúrà sórí oúnjẹ lọ."

Ṣùáíbù tó máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀ fò dìde. "Irọ́ ni! Mo kọjá níbẹ̀ ní ìdájí, ọkọ̀ wà lórí ààrò. Mo kírun tán, mo jẹ púpurú tán, mo padà débẹ̀, ọkọ̀ ṣì wà lórí ààrò. Arábìnrin yìí ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ná sí i!"

"Mi ò fẹ́ná! Eṣinṣin ni mò ń lé."

"Eṣinṣin lára ọkọ̀?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Nítorí àdín, Baálẹ̀."

"O ò rí i pé ó ń rọ̀?"

"Kò rọ̀ rárá, Baálẹ̀. Bó ṣe rọ̀ báyìí la gbé e kúrò."

"Ẹja ọjọ́ yẹn tí mo rà," ni Ṣùáíbù wí, "títí di òní ni àwọn oníbàárà mi ń bi mí pé ṣé bàtà ni mo tà fún àwọn."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dákẹ́. Ó yíjú sí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. "Ṣebí ìwọ náà ní ọkọ̀. Ọkọ̀ igi tó le dáadáa, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Kí ló wá gbé ọ dé ìdí ọkọ̀ opó?"

"Ó dúdú, bàbá."

"Adúmáadán, dúdú wá di àbùkù?"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ tún jígí rẹ̀ tò sójú. Happiness, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, ló bá a fèsì. "Ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ pé òun ra ọkọ̀ òyìnbó tuntun, pupa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń lọ ṣe mọ̀ mí n mọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín gba ààfin kan. Ọmọ́yẹlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ fún òun àti àwọn ọmọ, wọ́n gbé e sórí iná kí ẹnì kan lè ṣe fáàrí fún ìyá ìyàwó. Inú bí i gidigidi.

"Ẹjọ́ oòrùn ni, bàbá!" ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń pariwo. "Bí oòrùn kò bá kọ́kọ́ bà á jẹ́, kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe? Oòrùn ni kí ẹ pè!"

"Òótọ́ lo sọ," ni Baálẹ̀ dáhùn. "Oòrùn ti dé, ó wà níta. Lọ bá a jókòó títí a ó fi gbìmọ̀ tán. Yọ jígí yẹn kí o tó lọ."

Ìgbìmọ̀ náà kò le, ṣùgbọ́n wọn kò kánjú. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n mu omi, Olóyè Ábúráhámù tiẹ̀ rẹjú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wọlé, òógùn ti pa ìlà ṣòkòtò rẹ́.

"Kí ni oòrùn wí?"

"Mo jẹ̀bi, bàbá."

"Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ni Olóyè Ábúráhámù wí. "Ìwọ ti pẹ́ jù."

Baálẹ̀ wúkọ́. "Ọmọ́yẹlé, kí lo ń fẹ́?"

"Ọkọ̀ tó ń lọ síwájú, Baálẹ̀. Bó dúdú, bó ṣá, mi ò bèèrè."

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, nígbà tí o gbé ọkọ̀ sórí ààrò, kí lo ń wá?"

"Àwọ̀, bàbá."

"Kò sí ìjà nígbà náà. Ẹni tó ń wá ọkọ̀, kó gba ọkọ̀: ọkọ̀ igi rẹ di ti Ọmọ́yẹlé láti òní lọ. Ẹni tó ń wá àwọ̀, kó gba àwọ̀: gbé pupa rẹ. Òun náà ni wàá wọ̀ lọ sílé àna. Ẹnikẹ́ni tó bá yá ọ ní ọkọ̀ mìíràn, a ó gbé tirẹ̀ náà sórí ààrò."

"Bàbá, òsì nìkan ló ń lọ! Ṣe ni yóò máa yí pòòyì!"

"Ìyẹn gan-an ló dára. Gbogbo ìgbà tó bá yí ni wọn ó máa rí ẹ̀gbẹ́ tó pupa."

Láàárọ̀ òní, Ọmọ́yẹlé di apẹ̀rẹ̀ ẹja sínú ọkọ̀ igi, ó kọjú sí Ode Mahin. Ọkọ̀ dúdú náà ń lọ tààrà, kò bèèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju kó máa wà á lọ. Láàrin odò ló ti bá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ níbi tó ti ń kọ́ bí yóò ṣe dé ilé àna. Ọkọ̀ rẹ̀ ń yí: ó pupa, ó ṣá, ó tún pupa. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ sì ń ṣe bí ẹni tó ń dọdẹ ẹja.

Ìyàwó rere kì í rí àbúrò ọkọ kó má kí i. Ọmọ́yẹlé gbé àjẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

"Adúmáadán, ọkọ mi, ẹ kú ìrìn o! Àwọ̀ yín mà dára!"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìyàwó. Nígbà tí yóò fi yí padà dé, Ọmọ́yẹlé ti lọ sọ́jà.