Ẹbí Àwáwù Pọ̀ Ju Ilé Rẹ̀ Lọ

Ẹjọ́ kan tí kò lórí tí kò nídìí wọ ààfin Baálẹ̀ Àtàndá lánàá, ní abúlé wa níbí lẹ́bàá Ẹdẹ. Àwáwù ni wọ́n pè lẹ́jọ́, opó tó ń gba àlejò sùn mọ́jú sínú àwọn yàrá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba sójà ti sọ ìrẹsì di oúnjẹ ọdún, yàrá wọ̀nyẹn ló ń bọ́ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti mọ irọ́ tí yóò pa.

Wolé-wolé Adéwálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, obìnrin yìí ń gba àlejò láìní ìwé àṣẹ. Sójà sì ti ní kí a ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa. Kò tilẹ̀ ní ṣáláńgá!"

"Àwáwù, kí lo rí sí i?"

Àwáwù kúnlẹ̀. "Kí ẹ̀mí yín gùn, Bàbá. N kò gba àlejò kankan rí. Ẹbí mi ni gbogbo wọn."

"Títí kan dẹ́rẹ́bà tó ń fi lọ́rì kó gẹdú?"

"Àbúrò ọkọ mi ni."

Wọ́n pe Bámidélé, dẹ́rẹ́bà náà.

"Kí lo jẹ́ sí Àwáwù?"

"Bàbá ìyá rẹ̀ ni mí, sà."

Àwáwù fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Àbúrò ọkọ!"

"Ẹ má bínú, sà. Àbúrò ọkọ bàbá ìyá rẹ̀ ni mí."

"Bàbá ìyá rẹ̀ lọ́kọ?"

"Ayé sójà ni, Bàbá. Kí lojú ò rí?"

Ó kan Sàídì, bàbá arúgbó tó ń kiri pákúté eku.

"Ìbejì ni èmi àti Àwáwù," ló wí.

"Ìwọ tí irùngbọ̀n rẹ funfun báyìí?"

"Èmi ni Táyé, Bàbá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Kẹ́hìndé tó tẹ̀lé mi."

Ìjòyè kan rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ lórí àpótí. Baálẹ̀ yíjú sí wolé-wolé.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò ní ṣáláńgá?"

"Mo wá a títí lọ́jọ́ tí mo sùn…"

"Tí o kí ni?"

"Tí mo lọ ṣàyẹ̀wò, Bàbá!"

"Irọ́ ni!" Sàídì kígbe. "Ó hanrun mọ́ wa létí!"

"Mo ń hanrun ni, mo sì ń yẹ ilé wò!"

Baálẹ̀ nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú.

"Ó dáa. Ẹbí lẹ pe ara yín, ẹbí náà ni yín. Ẹbí kì í sì í sanwó ibùsùn."

Bámidélé àti Sàídì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń jó. Àwáwù figbe ta.

"Yéè! Bàbá, n kò mọ̀ wọ́n rí! Àlejò ni wọ́n!"

"Kí ló dé tí o kò gba ìwé àṣẹ?"

"Wọ́n ní àfi kí n gbẹ́ ṣáláńgá. Ta ni yóò bá opó gbẹ́ ẹ, Bàbá?"

"Ẹbí rẹ ni."

Ijó dúró.

"Bàbá ìyá rẹ àti Táyé rẹ ni yóò gbẹ́ ẹ. Wolé-wolé yóò bá wọn wọnú ihò. Bó bá jìn tán, a ó yọ àkàbà. Ẹnikẹ́ni ò ní gòkè títí wolé-wolé yóò fi fọwọ́ sí ìwé àṣẹ Àwáwù nísàlẹ̀ ibẹ̀."

Adéwálé sáré fa ìwé àti bírò yọ nínú àpò. Ẹ̀yìn Bámidélé ló fi ṣe tábìlì, ó fọwọ́ sí i wàràwàrà.

"Ó ti tán, Bàbá! Mo ti fọwọ́ sí i!"

Baálẹ̀ gba ìwé náà, ó nà án sí Àwáwù, ẹni tí ẹ̀rín àti ẹkún ti dàpọ̀ mọ́ lẹ́nu.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí fún wolé-wolé. "Ẹ wá ṣọ́bìrì fún un."