Amúlẹ̀mì àti Wúfà Inú Búùtù

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò kan tí kì í fẹ́ dé ibikíbi kí wọ́n má tíì gbọ́ pé òun ń bọ̀. Kó tó kan ilẹ̀kùn, yóò kọ́kọ́ wúkọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ adájọ́. Bó bá sín, gbogbo ará ilé kejì gbọ́dọ̀ kí i kú ewu, bí wọn ò bá sì kí i, yóò tún un sín.

Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ara ẹ̀ ní Amúlẹ̀mì. Kò sẹ́ni tó bá a dá a lábàá. Amúlẹ̀mì, a-gbóhùn-ẹ̀-ká-tó-rójú-ẹ̀! Amúlẹ̀mì, ọkọ oníkéèkì, a-jẹ-èérún-kéèkì-bí-ẹni-jẹ-oyè! Ẹ rọra kí i o, torí bó bá gbọ́, ó máa ní kẹ́ ẹ tún un kí.

Ẹ máa bi mí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Kò burú. Ìyàwó ẹ̀ ló ń ṣe kéèkì. Obìnrin yìí ló ń po ìyẹ̀fun, òun ló ń dúró ti ààrò, òun ló ń fi ṣúgà funfun ya òdòdó sára kéèkì débi pé oyin lè ṣìnà wọlé. Iṣẹ́ ti ọkọ nínú òwò náà ni kó máa tọ́ ohun tó bá já bọ́ lára kéèkì wò, bóyá ó dùn. Ojoojúmọ́ ló ń dùn. Nítorí iṣẹ́ ribiribi yìí ló ṣe ń pe ara ẹ̀ ní Dírẹ́kítọ̀.

Wọ́n ní ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ní búùtù tó fẹ̀, ìyàwó sì ti kan pákó pẹlẹbẹ sínú ẹ̀, kí kéèkì lè jókòó síbẹ̀ láìyẹ̀. Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ohun tó ń dun Amúlẹ̀mì gan-an nìyẹn. Ó wà á gba iwájú àwọn èèyàn kọjá, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá wa tiẹ̀ kọjá ní ìkóríta lọ́jọ́ kan, orin ẹ̀ ń dún gbùm, gbùm, gbogbo èèyàn yíjú. Àwọn kan tiẹ̀ bú u. Amúlẹ̀mì ò rí oúnjẹ jẹ délẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n bú òun náà báyẹn ló kù tó ń wù ú láyé.

Ilẹ̀ mọ́, ó di ọ̀dọ̀ rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe.

"Wúfà tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ ni mo fẹ́, irú èyí tó ń mú orin dún gbùm gbùm," ló wí. "Àti ańpù tó máa tì í lẹ́yìn."

Rewáyà ṣí iwájú ọkọ̀, ó wo bátìrì, ó mi orí. "Ọ̀gá, iná iwájú yín pàápàá, sùúrù ni bátìrì yìí fi ń tàn án. Ańpù ló máa ń fún wúfà lágbára, bátìrì ló sì máa ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ra bátìrì tó lágbára, tàbí ká fi wúfà kékeré sí i."

"Ṣé bátìrì làwọn èèyàn máa gbọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wúfà ni kó o gbé wá."

Àpótí wúfà náà tóbi bí àga onídìí ńlá. Kò wọ búùtù. Wọ́n yọ táyà ìpamọ́, kò wọ̀. Wọ́n wá yọ pákó kéèkì ìyàwó, ó wọ̀. Amúlẹ̀mì fọwọ́ pa á lórí bí ẹni pa ọmọ tó gbégbá orókè.

"Fóònù mi ńkọ́?" ló tún bi í. "Báwọn èèyàn ńlá bá pè mí, ṣé ohùn wọn lè máa jáde níbẹ̀, káwọn ará ìta lè gbọ́ irú àwọn tí mò ń bá ṣe?"

"Blútúùtù tó ń so fóònù mọ́ wúfà á ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, gbogbo ẹni tó bá pè yín ló máa jáde o. Ẹ̀rọ ò mọ èèyàn ńlá yàtọ̀. Ẹni tẹ́yin náà bá sì pè, ibẹ̀ náà ló máa gbà."

"Gbogbo ẹni tó ń pè mí ló tóbi."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé ìpè ni, àbí kó máa gbé ara ẹ̀?"

"Kó máa gbé ara ẹ̀! Odidi èmi á tún máa tẹ nǹkan?"

Rewáyà ṣe é bó ṣe ní kó ṣe é. Kí ló kàn án ńbẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn, àdúgbò náà rí nǹkan. Bí Amúlẹ̀mì bá ti tan orin, náńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì, abọ́ á máa rìn lórí tábìlì onítábìlì. Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ fá irunmú oníbàárà kan sọnù pátápátá, bẹ́ẹ̀ irun orí lọkùnrin yẹn bá wá. Wọ́n ń bú Amúlẹ̀mì láàárọ̀, wọ́n ń bú u lálẹ́. Orí ẹ̀ ń wú. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé wọ́n ti mọ̀ mí?"

Ìyàwó nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Kéèkì ọjọ́ ìbí tó kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀ náà lẹ́yìn iṣẹ́ rewáyà kúrò nílé ní gíga, ó dé ọ̀hún ní fífẹ̀. Ọkọ ní kòtò ojú ọ̀nà ló fà á. Obìnrin náà lọ dá iná mìíràn, ó ṣe òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ máa bẹ̀rù ìyàwó tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá di ńlá rèé. Obìnrin kan tó ni ilé ìwé ńlá fẹ́ ṣègbéyàwó ọmọ ẹ̀ obìnrin, ó sì ní kí ìyàwó Amúlẹ̀mì ṣe kéèkì alájà mẹ́ta. Ó ní bí kéèkì náà bá dé láyọ̀, tó sì rí bó ṣe yẹ kó rí, ìyàwó Amúlẹ̀mì ló máa máa ṣe gbogbo kéèkì ilé ìwé òun látìgbà náà lọ. Bó bá bàjẹ́, kí wọ́n má tún wá ọ̀nà ọ̀dọ̀ òun mọ́. Obìnrin oníkéèkì ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ti ń gbàdúrà fún látìgbà tó ti ra ààrò àkọ́kọ́.

"Èmi ni mo máa gbé e lọ," ni Amúlẹ̀mì wí.

"Dádì, ẹ jẹ́ n fi mọ́tò ilé ìwé gbé e. Wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́."

"Kéèkì ilé iṣẹ́ mi? Nínú mọ́tò ẹlòmíì? Kí wọ́n máa wò ó láìrí mi?"

Kò sọ ìyókù fún un. Ìyókù wà láàárín òun àti onígbàjámọ̀. Bó bá ti gúnlẹ̀ síwájú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, tí èrò ti pé lé e lórí, onígbàjámọ̀ á pè é, á yí ohùn pa dà, á lóun ni ọ̀gá àgbà báńkì, pé kéèkì tí Dírẹ́kítọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ti gba ọkàn òun. Wúfà á gbé e jáde, gbogbo ayé á gbọ́. Wọ́n ti fi í dánra wò nínú ṣọ́ọ̀bù, onígbàjámọ̀ tiẹ̀ sunkún díẹ̀ níbi tó ti ń yìn ín.

Ìyàwó wò ó títí. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ má tan orin o, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ búra."

"Bí mo bá tan án, kí bátìrì ọkọ̀ yìí kú!"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó gbé nǹkan alájà mẹ́ta sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó ní kó má ṣí i wò kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ sí i. Òun bá mọ́tò ilé ìwé lọ ṣáájú, ó lóun fẹ́ lọ tẹ́ tábìlì. Páálí ńlá mẹ́ta ló gbé dání, ó ní abọ́ ló wà níbẹ̀. Ó gbé wọn bí ẹni gbé ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Amúlẹ̀mì ò tiẹ̀ kíyè sí i, ó ń wo ara ẹ̀ nínú gíláàsì ọkọ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Ó wakọ̀ láìtan nǹkan kan títí dé ibi táwọn èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó yíjú. Obìnrin kan tiẹ̀ yán. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra. Ó tan án díẹ̀. Díẹ̀ náà ò tó. Nígbà tó fi máa rí òrùlé gbọ̀ngàn lókèèrè, ó ti yí i débi tí kò yí mọ́. Gbùm! Gbùm! Aṣọ funfun ń jó lẹ́yìn ẹ̀, kò rí i.

Ó fẹ̀yìn ọkọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn gan-an, ó ṣí búùtù gbayawu, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń yan fanda. Àwọn àlejò tú jáde, ọwọ́ wọn wà létí. Ìyá ìyàwó tuntun, oníléèwé náà fúnra ẹ̀, dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ máa lu orin fún wa ni?"

"Orin kẹ̀? Èmi ni Dírẹ́kítọ̀ kéèkì. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é."

"Ẹ̀yin? Mo ṣe bí ìyá tó ń ṣe jẹ́jẹ́ yẹn ni."

"Ìyẹn? Ó ń bá mi fọ abọ́ ni."

Ó dúró díẹ̀ kí onígbàjámọ̀ pè. Onígbàjámọ̀ ò pè. Ó wá ní kóun fi kéèkì hàn wọ́n ná, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé etí aṣọ sókè. Háà! Àjà òkè ti wà nílẹ̀ ọkọ̀, ti àárín ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ṣúgà ti sán bí ògiri ilé àtijọ́. Ó yára da aṣọ bò ó. Òógùn bò ó.

"Ẹ jẹ́ n... ẹ jẹ́ n pe ẹnì kan."

Ó pa orin, ó ki orí bọ inú ọkọ̀ níwájú, ó fi ìdí sílẹ̀ fún àwọn àlejò, ó pe ìyàwó ẹ̀. Nínú ìdààmú, ó ti gbàgbé pátápátá ohun tóun fẹnu ara ẹ̀ sọ fún rewáyà.

"HẸ́LÒÓ! DÁDÌ, KÍ LÓ DÉ?"

Búùtù ló sọ̀rọ̀. Náńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ̀n. Àwọn àlejò sún mọ́ ọn.

"Mọ́mì," ló rọra wí, "kéèkì ti wó."

"Ó TI KÍ NI? Ẹ GBÓHÙN SÓKÈ, MI Ò GBỌ́ YÍN."

"Ó ti wó!" ló pariwo. "Kòtò ló pọ̀ lọ́nà!"

"ṢÉ Ẹ TAN ORIN?"

"Orin? Orin wo? Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan!"

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́.

"DÁDÌ, Ẹ̀RÍN TA NI MÒ Ń GBỌ́ YẸN?"

"Má dá wọn lóhùn, àwọn kan ń ṣeré lọ́ọ̀ọ́kán. Jọ̀ọ́, Mọ́mì, gbà mí. Mo ti sọ fún ìyá ìyàwó pé èmi ni mo ṣe kéèkì náà, pé ìwọ ń fọ abọ́. Bí wọ́n bá bi mí, kí ni mo fi ṣe é gan-an? Yàtọ̀ sí ṣúgà?"

Gbogbo èèyàn na etí sí búùtù.

"DÁDÌ, TÌMÙTÌMÙ LẸ FI ṢE É. TÌMÙTÌMÙ ÀGA WA ÀTIJỌ́ NI MO GÉ, MO FI ṢÚGÀ KÙN ÚN, TORÍ MO MỌ̀ PÉ Ẹ MÁA TAN ORIN. OJÚLÓWÓ KÉÈKÌ TI WÀ LÓRÍ TÁBÌLÌ NÍNÚ GBỌ̀NGÀN LÁTÀÁRỌ̀, Ẹ̀GBẸ́ Ẹ̀ NI MO DÚRÓ SÍ YÌÍ. MO SÌ Ń GBỌ́ OHÙN ARA MI LÁTÌTA O. Ẹ BÁ MI PA WÚFÀ YÍN."

Amúlẹ̀mì fa orí yọ, ó fi gbá òrùlé ọkọ̀. Gbogbo ojú ló wà lára ẹ̀. Ojú tí ó ti ń wá látọjọ́ yìí náà ni o, ó wá pé tán pátá.

Kó tó la ẹnu, fóònù tún dún nínú búùtù, ó sì gbé ara ẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe.

"AMÚLẸ̀MÌ! MÁ BÍNÚ, ORÍ ONÍBÀÁRÀ KAN LÓ DÁ MI DÚRÓ. ṢÉ ÈRÒ TI PÉ? KÍ N BẸ̀RẸ̀ IRỌ́ YẸN BÁYÌÍ?"

"Pa á! Ẹ bá mi pa á!" Amúlẹ̀mì ń tẹ gbogbo nǹkan tó ṣeé tẹ̀. Ó tẹ fèrè ọkọ̀.

"MO GBỌ́ FÈRÈ, MO TI MỌ̀ PÉ Ó YÁ NÌYẸN. HẸN-ẸN! DÍRẸ́KÍTỌ̀ ÀGBÀYANU! ÈMI Ọ̀GÁ ÀGBÀ BÁŃKÌ NI MÒ Ń PÈ. ỌWỌ́ YÍN YẸN, ỌWỌ́ WÚRÀ NI... DÚRÓ NÁ, ṢÉ KÍ N SUNKÚN BÁYÌÍ ÀBÍ TÓ BÁ YÁ?"

Ohùn náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀. Iná inú ọkọ̀ kú. Gbogbo ẹ̀ kú. Bátìrì ti mú ìbúra ṣẹ.

Ìyàwó jáde láti inú gbọ̀ngàn, ó ń fi ìnura nu ọwọ́. Ìyá ìyàwó tuntun ti wọlé lọ wo kéèkì alájà mẹ́ta tó dúró ṣánṣán, ó sì ti tọ́ ọ wò. Ó dì mọ́ obìnrin oníkéèkì níwájú gbogbo èèyàn. "Gbogbo kéèkì ilé ìwé mi di tiyín," ló wí.

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó wá yíjú sí búùtù. "Mo fẹ́ gba pákó mi pa dà síbẹ̀," ló wí. "Rewáyà ni mo máa pè lọ́la."

Ọkọ̀ ìyàwó tuntun sì ti dé, kò rí ọ̀nà wọlé, torí òkú ọkọ̀ Amúlẹ̀mì ló dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ká apá aṣọ, wọ́n ń tì í. Amúlẹ̀mì jókòó síbi ìdarí, ó rẹ orí sílẹ̀ débi pé irun ẹ̀ nìkan ló hàn. Nígbà tí títì ò dùn, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ṣe wúfà: "Gbùm! Gbùm!" Àwọn yòókù gbè é. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ sí i, àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró, àwọn ará ilé òdìkejì yọjú lójú fèrèsé, gbogbo wọn ń kígbe pé, "Amúlẹ̀mì! Amúlẹ̀mì!"

Ó yọ orí díẹ̀ lójú wíńdò. Ohùn ẹ̀ kéré débi pé ẹni tó ń tì í lọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ló gbọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má pariwo."