Mo Mọ Kẹ̀kẹ́ Gùn, N Ò Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ̀ Kalẹ̀

Ọjọ́ tí mo kí bàbá ìyàwó mi láti orí kẹ̀kẹ́, títí wọn yóò fi gbé mi sin, kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi mi ni. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni mo hù nígbà tí mo ń ra kẹ̀kẹ́ náà: mo gùn ún wò, ṣùgbọ́n n ò sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀ wò.

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà. Epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, owó ọkọ̀ sì ń fò sókè láràárọ̀. Agége ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike n'Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lọ. Ó nawọ́ sí ọ̀kan báyìí, irú èyí táwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Táyà ẹ̀ ga tó ìbàdí mi, eyín ara táyà náà sì rí bí eyín ọ̀nì.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé eléyìí ò ga jù fún mi báyìí?"

Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wò mí tán. Ó ní, "Àwọn èèyàn bíi tiyín gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Táyà kékeré a máa kó sí kòtò. Eléyìí? Kòtò ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ kọjá. Ẹ gùn ún, kẹ́ ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe máa dà bí ọ̀gá!"

Ó fi sítáǹdì gbé e dúró, ó gbé mi gùn ún bí ẹni gbé ọmọ sórí ẹṣin. Mo fẹsẹ̀ yí pẹ́dà lójú kan náà. Mo rí òrùlé gbogbo àdúgbò. Ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀, mo sanwó.

Ẹ̀rù mọ́tò ò jẹ́ kí n gùn ún, mo tì í délé. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ohun tí mo rà. Bí mo bá jókòó sórí ẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á máa fì dirodiro lókè. Bí mo bá sì ní kí n fò sílẹ̀ níwájú ìjókòó, irin àárín ẹ̀ á gbé mi níbi tí kò yẹ kí irin ti gbé ọkùnrin. Mo bá dọ́gbọ́n. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kan sẹ́nu ọ̀nà mi, orí ẹ̀ ni mo ti ń gùn ún. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́, bẹ́ǹṣì tí ọlọ́dẹ wa ń jókòó lé ni mò ń sọ̀ lé. Láàárín búlọ́ọ̀kù yẹn sí bẹ́ǹṣì yẹn, ọwọ́ Ọlọ́run ni mo wà. Àdúrà tí mo gbà lójú ọ̀nà yẹn, pásítọ̀ wa ò gbà tó o.

Lákòókò yẹn, mò ń fẹ́ Fúnkẹ́. Bàbá ẹ̀ jẹ́ ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n ga bí òpó iná, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Ọkùnrin kan ti wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ rí, ó kí bàbá yìí pẹ̀lú ọwọ́ lápò. Bí ìyàwó ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tiwa sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Fúnkẹ́ kìlọ̀ fún mi: "Jọ̀ọ́, níbikíbi tó o bá ti rí bàbá mi, dọ̀bálẹ̀. Ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gba ọ̀nà Oko Ọba lọ, mo wo iwájú, ta ni mo rí? Bàbá ni, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ jẹ́jẹ́. Ara mi tutù bí omi inú àmù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Mo wo ọ̀tún: gọ́tà. Mo wo òsì: ọkọ̀ àjàgbé. Búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, n ò rí. Mo ní kí n yọ ọwọ́ kan kí n fi kí wọn, kẹ̀kẹ́ mì lọ sápá ọ̀hún, mo yáa dì í mú padà. Ni mo bá ń kọjá lára wọn, mo figbe ta: "Ẹ káàárọ̀ o, sà!"

Mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ta nìyẹn? Ìwọ? Ṣé èmi lò ń kí lókè bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kí n sáà máa lọ, àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni pé Fúnkẹ́ ló ń bọ́ lọ lọ́wọ́ mi. Iwájú náà ò sì dáa: wọ́n ń da màlúù kọjá títì lọ síbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, ìwo òmíràn sì gùn ju apá mi lọ. Mo ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá. N ò lè dúró, n ò lè lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí bàbá àna mi po bí àṣá tó rí òròmọdìẹ.

"Ẹ má bínú, sà! N ò lè sọ̀ kalẹ̀ ni, sà!"

"Kí ló dé tó ò lè sọ̀?" Bàbá ń yí tẹ̀lé mi, òòyì ti ń kọ́ wọn. "Ṣé wọ́n dè ọ́ mọ́ ọn ni?"

"Rárá, sà! Ẹsẹ̀ mi ni ò tó ilẹ̀, sà!"

"O ti mutí láàárọ̀ yìí?"

"N ò mutí, sà! Ẹ káàárọ̀, sà!" Mo tún ti yí dé iwájú wọn ni, mo rò pé ó yẹ kí n tún kí wọn.

Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà létí títì pariwo, "Bàbá, ẹ kúkú dá a lóhùn, kó lè máa lọ!"

Ibi táwọn èèyàn etí títì ti ń rẹ́rìn-ín ni màlúù kan ti yapa, ó ń bọ̀ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo rí ìwo. N ò mọ ìgbà tí mo fún búrékì. Kẹ̀kẹ́ dúró, èmi ò dúró. Mo fò kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo fi àyà balẹ̀ gbàgà sínú ẹrẹ̀ etí gọ́tà. Màlúù wò mí, ó fọn imú, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí mo lajú, bàtà bàbá ni mo rí. Mo fẹ́ dìde, mo tún bi ara mi pé, níbo lò ń sáré lọ? Ṣebí ibi tí Fúnkẹ́ ní kó o wà lo wà yìí. Mo sùn síbẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, wọ́n da ẹsẹ̀ kan kọjá lórí ẹ̀, wọ́n dúró. Pẹ̀lú gbogbo gíga wọn, irin àárín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n. Wọ́n wo irin, wọ́n wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé táyà ńlá ò bá èèyàn kúkúrú jà. Ó ṣe é gùn, ó sì ń fo kòtò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ da ẹsẹ̀ kọjá lórí irin àárín, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Bí wọn ò bá tẹlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà, ì báà sọ yín di ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín báyìí o. N ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nígbà tí wọ́n ní, "Ọkọ ìyàwó, ó yá, dọ̀bálẹ̀ fún bàbá," tí bàbá sì na ọwọ́ sókè.

Bàbá ní, "Ẹ dá a dúró. Eléyìí ti dọ̀bálẹ̀ tiẹ̀ nínú ẹrẹ̀, lójú màlúù. Ẹ fún un níyàwó ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni kẹ́nikẹ́ni má fún un."