Agbádá Ṣóbándé àti Fọ́tò Balógun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ta ló mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ? Ẹ ti ń mi orí. Irọ́ ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀mọ̀wé á ní òwe náà ti wà kí kámẹ́rà tó wọ ilẹ̀ yìí. Kí wọ́n máa wí o. Ṣóbándé ló dá òwe yìí sílẹ̀, awọ ara rẹ̀ ló sì fi dá a.

Ṣóbándé ń gbé nílùú kan lẹ́bàá odò Ògùn. Ohun tó gbà á lọ́kàn kò ju kó máa wá fọ́tò àwọn ará ìgbàanì kiri, àwọn olóyè àti jagunjagun tí wọ́n yà láyé ogun, tí bébà wọn ti ṣá, tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó mọ̀ wọ́n lórúkọ, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kábíyèsí wá ní òun fẹ́ kọ́ àwòrán gbogbo Balógun ìlú sí ààfin. Ṣóbándé fọ́nnu pé òun á kó wọn pé. Ó ń kó wọn títí, ó ku Balógun Fátókùn. Ẹyọ fọ́tò kan péré ni Fátókùn yà láyé, inú iyàrá Màmá Dọ́kásì, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló sì wà. Bí Ṣóbándé kò bá rí i mú wá, ojú á tì í níwájú gbogbo ìlú.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fọ́tò náà, ó kí Balógun dáadáa. Bàbá jókòó lórí àga nínú fọ́tò náà, kò dé fìlà, kò wọ ẹ̀wù, bàǹtẹ́ kan péré ló sán. Wọ́n ní bó ṣe ti ojú ogun dé ni ayàwòrán ká a mọ́. Ojú rẹ̀ kò ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá gbà ọ́," ni Màmá Dọ́kásì wí. "Wá mú un lọ́la. Ṣùgbọ́n bí o bá dé, kí i bí ẹni tí kò rí ọ rí. Òkú kì í rántí ìkíni àná."

"Mo ti gbọ́, màmá."

Kò gbọ́ o. Etí rẹ̀ gbọ́, orí rẹ̀ kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó múra bí ẹni ń lọ jẹ oyè, agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, fìlà àrán, nítorí láti ibẹ̀, ààfin ló kàn. Ó wọ iyàrá, ó wo ilẹ̀ tó kún fún eruku, ó wo agbádá rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tún kẹ̀? Ṣebí àwọn ti ríra lánàá.

"Balógun, ẹ ǹlẹ́ o," ló wí. Ó juwọ́ bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ lójú títì, ó sì nawọ́ sí fọ́tò.

Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí i lórí. Fèrèsé sì wà ní títì. Adìẹ tó ń ké lágbàlá dákẹ́. Ṣóbándé fọwọ́ kan orí, kò bá fìlà. Ó wo ilẹ̀, kò sí níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Balógun ti dé e, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì gan-an bí Ṣóbándé ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ní ojú òun ló ń ṣe òun, ló bá fi apá agbádá nu gíláàsì náà. Agbádá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyá ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ tó ti sùn. Kó tó pariwo, agbádá ti wà lọ́rùn Balógun, etí aṣọ náà ṣì ń mì lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Òórùn ẹ̀tù ìbọn gba inú iyàrá kan. Ẹnì kan wúkọ́ nínú fọ́tò.

"Ṣóbándé!" Màmá Dọ́kásì ké láti àgbàlá. "Ṣé o ti kí i?"

"Mo kí i lánàá, màmá!"

"Yéè! Mo gbé! Dọ̀bálẹ̀ kíá!"

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rù ti lé ìgbéraga kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i tí ojú Balógun kúrò lójú rẹ̀, tó rọra ń sọ̀kalẹ̀, tó sì dúró sórí ṣòkòtò rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá ṣòkòtò mú. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń fọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú, kó tún dọ̀bálẹ̀? Ó rò ó, ó rò ó, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀ láti fi bẹ̀bẹ̀. Ohun tí Balógun ń dúró dè nìyẹn.

Bí Ṣóbándé ṣe fò jáde, ó já ewé kókò kan lẹ́yìn ilé, ó fi bo iwájú. Ẹ̀yìn ni kò rí nǹkan bò. Ọ̀nà ilé rẹ̀ sì rèé, ojúde ààfin ló gbà kọjá, níbi tí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè ti jókòó, tí wọ́n ń retí fọ́tò. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí eruku kan agbádá rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn, òun àti ewé kókò.

"Ṣóbándé," ni Kábíyèsí wí, "Balógun Fátókùn dà?"

"Kábíyèsí o! Wọ́n ń bọ̀." Ó di ewé kókò rẹ̀ mú. "Wọ́n ń múra lọ́wọ́ ni."

Àwọn ìránṣẹ́ ọba lọ mú fọ́tò náà wá. Láti ẹnu ọ̀nà Màmá Dọ́kásì ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ sí ààfin, kò sí Balógun kankan lára ògiri tó múra tó Fátókùn. Ọ̀tún ọba wo fọ́tò, ó wo Ṣóbándé, ó sì mi orí. "Ẹ ò rí nǹkan," ló wí. "Ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ."