Baálé Gbọ́, Àwọn Ọmọ Ò Gbọ́

Kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀, kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀: ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ni Morónfólú kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Irú rẹ̀ ló ń dún ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Àsíátù, télọ̀ ní àdúgbò Kotobabi, ní àárọ̀ Sátidé tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà figbe ta níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò tíì mọ ohun tí màá bínú sí. Sọ ọ́."

"Ètò tí mo kọ fún yín, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà. Mo kàn fẹ́ dán an wò ni. Ó ń sọ fún gbogbo wọn pé aṣọ wọn ti ṣe tán."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Gbogbo wọn? Títí kan ìyàwó tuntun tó ń gbé ní Dansoman? Aṣọ ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá!"

"Òun ni ẹnì kejì."

"Ei! Dá a dúró!"

"Mo ti tẹ Ctrl-C. Àmì ìdádúró nìyẹn. Ṣé ẹ rí i, tírẹ́ẹ̀dì márùn-ún ló wà nínú ètò tí mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, kọ yẹn..."

"Tírẹ́ẹ̀dì? Òwú mi lo fi kọ ọ́?"

"Rárá o! Ẹ kà wọ́n sí ará ilé kan. Ọ̀kan ni baálé, mẹ́rin ni ọmọ tó ń ṣiṣẹ́. Bí àmì bá tìta dé, baálé nìkan ló ń dá a lóhùn."

"Ìyẹn dáa. Àlejò kì í ré baálé kọjá lọ bá ọmọ ní yàrá. Kí ni baálé wá ṣe?"

"Ó gbọ́, ó figbe ta, ó kú."

"Inná lilláhi! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ."

"Wọn ò sunkún?"

"Wọn ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn."

Àsíátù bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Bí mo bá fẹ́ kí iṣẹ́ dúró níbí, mo máa ń fi aṣọ pupa kọ́ ògiri. Ọmọ iṣẹ́ tó bá rán apá kan tán á wo ògiri kó tó mú òmíràn; bó bá rí i, á ṣíwọ́. Ìwọ, kí lo fi kọ́ fún àwọn ọmọ tìẹ?"

Morónfólú rántí ìwé tó fi kọ́ Python. Ohun tí ìwé náà fi ojú ewé mẹ́wàá sọ nìyẹn.

"Mi ò fi nǹkan kan kọ́."

"Pa kọ̀ǹpútà náà, jàre!"

"Tí mo bá pa á lójijì, orúkọ àwọn tó ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà á sọnù. Ìparí iṣẹ́ ni àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. A ò ní mọ ẹni tí a óò bẹ̀."

"Èèyàn mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta. Méjì... Ó tán. Àkọsílẹ̀ pé pérépéré, Àǹtí: igba ó lé mẹ́rìnlá."

"Mélòó ni gbogbo oníbàárà mi?"

"Igba ó lé mẹ́rìnlá."

Trotro, ọkọ̀ èrò Kaneshie, dúró níta. Ohùn obìnrin bíi mẹ́fà bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń béèrè aṣọ wọn. Àsíátù gbé báàgì rẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Àǹtí! Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ìwọ ni baálé lónìí. Gbọ́ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ kú láìsọ fún wọn pé irọ́ ni."

Ilẹ̀kùn pa dé. Morónfólú nìkan gbé bẹ́ǹṣì mẹ́ta jáde, ó fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ jókòó. Baálé fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó kú."