Ògì Gbígbóná Níwájú Ìjọ

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bí mo tilẹ̀ ti gbàdúrà lé e lórí.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹgbẹ́dá. Tí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ, tàbí tí inú bá ń bí i, mo máa ń ní kó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí abọ́, kó ṣe bí ẹni pé ògì gbígbóná wà níbẹ̀, kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ara rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ògo ni fún Ọlọ́run. Èmi náà wá ń yan kiri bíi dókítà.

Ẹni tó le jù ni Tólú. Lọ́dún tó kọjá, níbi ọdún àwọn ọmọdé, bó ṣe rí èrò ló figbe ta. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Ẹlẹ́kún. Lọ́dún yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun máa tún un kà. Màmá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, tó bá tún sunkún ńkọ́?"

"Màmá Tólú, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ."

Ẹnu mi! Gèlè tí mo wé lọ́jọ́ náà ga débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi ò rí pásítọ̀. Wíìgì ló wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí mi ò ráyè tú irun mi tán.

Ó kan Tólú. Máíkì han goooro, ètè ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo sáré gun pèpéle, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n rán an létí ògì. Mi ò rántí fáànù ńlá tó wà níbẹ̀. Atẹ́gùn wọ abẹ́ gèlè, ó gbé e, ó gbé wíìgì pẹ̀lú, àwọn méjèèjì balẹ̀ síwájú pásítọ̀. Orí mi wá ṣẹ́kù: ìdajì tú, ìdajì dì. Mo ní kí n sáré mú wọn, mo tẹ ìró mi mọ́lẹ̀, mo bá jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn akọrin gan-an! Omi bọ́ lójú mi, mo ń wá ọ̀nà tí màá gbà sá jáde.

Ni ọwọ́ kékeré kan bá kàn mí léjìká.

"Àǹtí, ògì yín dà?"

"Tólú, fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́."

"Ó gbóná ni. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Gbogbo kíláàsì mi bá pawọ́ pọ̀, wọ́n ń fẹ́ fùú, fùú. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi náà pawọ́ pọ̀. Ara mi sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Tólú yíjú sí ìjọ, ó ka ẹsẹ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá rẹ̀ ló wá ń sunkún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ẹnu ọmọdé bá mi wí. Mo ti rò pé àwọn ọmọ nìkan ni ògì náà wà fún. Kò sẹ́ni tó ń pe Tólú ní Ẹlẹ́kún mọ́. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Ológì, pásítọ̀ pàápàá ò gbẹ́yìn. Tí wọ́n bá pè mí, màá fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́, màá rẹ́rìn-ín, màá sì dáhùn. Ṣùgbọ́n níbi tí fáànù bá wà, ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé ògì. Ìkejì ń di gèlè mú.