Bẹ́ǹṣì Iwájú fún Ará Ilé Oyèérìndé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á káàkiri lásán ni. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ má sì bi mí léèrè ọdún tó ṣẹlẹ̀, torí n ò sí nílé lọ́dún náà.

Káfíńtà kan wà ní Ìrágbìjí tó ń jẹ́ Oyèérìndé. Kò sí ohun tí òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn tó eré orí ìtàgé, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹgbẹ́ eléré kan kì í wá sí agbègbè yẹn kí wọ́n má lọ wò ó. Ìgbà tó yá, Àwẹ̀ró kú. Àwọn ọmọ ti wà lẹ́yìn odi, ó wá ku Oyèérìndé nìkan nínú ilé ńlá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, á ní, "A ti jẹ ẹ̀bà." Bí òjò bá pa á dé láti ibi tó ti lọ ra pákó, á ní òjò pa àwọn. Àwọn aládùúgbò mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, wọn ò kàn já a nírọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ agbóhùnsókè gba àdúgbò kọjá. Ó ní ẹgbẹ́ eléré olórin kan ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú Ìkìrun ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, eré ọba kan tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Inú Oyèérìndé dùn débi pé ó fi ayùn sílẹ̀. Ọ̀nà Ìkìrun kò ṣòro fún un. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n rí òun nìkan lórí ìjókòó, kí wọ́n sì máa ṣe "pẹ̀lẹ́ o, bàbá" fún òun. Ó bá wá ẹni tí wọ́n á jọ lọ. Súnmọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní orúnkún ń dun òun. Àna rẹ̀ ní òun ń lọ síbi ìkómọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tiẹ̀ ní kí ni wọ́n ń wá lọ, ṣé kò sí orin nínú rédíò ni?

Ibi tí ìgbéraga ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Oyèérìndé rán awakọ̀ kan sí mánijà ẹgbẹ́ eléré pé kó bá wọn fi bẹ́ǹṣì iwájú sílẹ̀, àwọn ará ilé Oyèérìndé ń bọ̀.

Mánijà gbọ́ "ará ilé", orí rẹ̀ wú. Ó lé ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, tí wọ́n ti jókòó síwájú láti ọ̀sán, lọ dúró lẹ́yìn. Ó tún ní kí ọkọ̀ akẹ́rù ẹgbẹ́ lọ kó àwọn àlejò pàtàkì náà wá, láì rántí pé ìtẹ́ ọba tí wọ́n máa fi ṣeré ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìrágbìjí, Oyèérìndé nìkan ló jáde, fìlà rẹ̀ gún régé. Awakọ̀ béèrè àwọn tó kù, ó ní, "A ti pé. Máa wakọ̀ lọ." Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló lọ, torí ẹ̀yìn làwọn èrò púpọ̀ ń jókòó sí. Orí ìtẹ́ ọba ló jókòó sí títí wọ́n fi dé Ìkìrun, kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ẹgbẹ́ eléré yìí ní àṣà kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Títíladé, olórí akọrin wọn, á fi orin bi bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan pé ta ló wá wò wọ́n, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì jọ dáhùn pé àwá dé. Bí wọn ò bá dáhùn, kò ní kúrò lórí wọn. Bẹ́ǹṣì àwọn olùkọ́ dáhùn, gbọ̀ngàn mì. Àwọn télọ̀ tó dúró lẹ́yìn fi ìbínú dáhùn tiwọn, ó tún mì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títíladé wá kọjú sí bẹ́ǹṣì iwájú, ó bi ará ilé Oyèérìndé.

"Àwá dé," ni Oyèérìndé wí jẹ́jẹ́.

Títíladé rò pé ojú ló ń tì wọ́n, ó tún bi wọ́n. Oyèérìndé tún un dáhùn, ó fi ikọ́ tì í lẹ́yìn. Ni gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn télọ̀ ń di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú. Mánijà sáré dé, ó ní bàbá, àwọn ará ilé yín dà?

"Àwa náà nìyí."

"Ẹ̀yin ta ni, bàbá?"

Oyèérìndé wo bẹ́ǹṣì gígùn náà dé ìpẹ̀kun. "Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa ń wá. Ó ti kú. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí mi lémi nìkan ni."

Ẹ̀rín dá. Títíladé sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ jẹ́ ká wá èèyàn kún yín." Ló bá ké sí àwọn télọ̀ pé kí wọ́n wá jókòó.

Àwọn tí ẹsẹ̀ ti ń ro láti ìgbà tí wọ́n ti lé wọn dìde! Wọ́n ya bo bẹ́ǹṣì náà. Ìyálóde wọn, tí Ọlọ́run fi ìdí jíǹkí, sún díẹ̀, ó tún sún díẹ̀, Oyèérìndé bá já bọ́ ní ìpẹ̀kun, ó bá ara rẹ̀ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnì kankan ò rí i. Títíladé tún fi orin náà bi wọ́n, bẹ́ǹṣì iwájú dáhùn, Oyèérìndé náà dáhùn láti ìdí ògiri. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò dá ohùn ara rẹ̀ gbọ́. Ó sunkún díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn, ìdúró ló fi wo eré náà parí.

Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Bó bá ku ẹ̀yin nìkan, ẹ sọ pé ẹ dé, kí ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé: bí kò bá rí ẹni bá a gbè é, ojú á tì í, bó bá sì rí wọn, wọ́n á tì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì.